Agolo Omi àti Ìyàwó Sájẹ́ńtì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ àti ilé géèmù, ògiri bíríkì tí ohùn máa ń gbà kọjá bí omi ṣe ń gba ajere. Obìnrin náà ti ń rán aṣọ níbẹ̀ kí ilé géèmù tó dé. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà wọn dé, tí ìró ìbọn àti bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá sórí aṣọ oníbàárà, ó bú wọn títí ẹnu fi dùn ún. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sájẹ́ńtì nítorí pé iṣẹ́ ológun ló ṣe fẹ̀yìn tì, ní òun ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín ariwo kù. Ó lọ, kò bọ̀. Oúnjẹ tutù, ó tún tutù sí i. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, Sájẹ́ńtì ti gbé agbọ́hùn lé etí, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun inú gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Ogun tí ẹ jà fún ọdún mẹ́tàlélógún kò tó yín? Ẹ tún wá ń jà nínú àpótí?"

"Nínú àpótí yìí," ni Sájẹ́ńtì dáhùn, kò tilẹ̀ yíjú, "ọmọ ogun mi tó bá kú lónìí, á jí lọ́la. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀, ìyá ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àmì láàárín ara wọn. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, Ìyá Aránṣọ á fi ìdí àlùmọ́gàjí rẹ̀ gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, Sájẹ́ńtì á sì dáhùn láti òdìkejì. Ní báyìí, ó ti di oṣù mẹ́jọ tí àlùmọ́gàjí kò kan ògiri yẹn mọ́. Ìyá Aránṣọ yí ìjókòó rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Títún fóònù ṣe ni iṣẹ́ ọmọ náà, ó sì ń fi ọwọ́ nu ọwọ́ bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò.

"Màmá, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín."

"Oyún ni?"

"Màmá!"

"Ṣé mo bú ẹ ni? Sọ ọ́, jàre. Aṣọ yìí ń dúró dè mí."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó tú u sílẹ̀. Ní ilé géèmù, olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ́gun ni gbogbo ilé á gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n tó fi ń tú fóònù, pàbó ló já sí. Sájẹ́ńtì sì pa ti àtijọ́ rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba tuntun. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tí kò ti padà bọ̀ láàyè. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ.

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ dúró lórí máṣíìnì.

"Ò ń sọ fún mi pé ohùn ọkọ mi wà lẹ́yìn ògiri yìí láti oṣù mẹ́jọ?"

"A fẹ́ ṣẹ́gun ká fi yà yín lẹ́nu ni, Màmá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ti jà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti lù wá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá lù lẹ́ẹ̀mẹfà léra léra, wọ́n máa ń pa á rẹ́ ni, tòun ti gbogbo ohun tó kó síbẹ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ja ìkẹfà." Ó wo ilẹ̀. "Ẹni mẹ́rin ló yẹ ká jẹ́. Èmi, Bíríkìlà àti Nọ́ọ̀sì nìkan ló kù. Orúkọ kan wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tí a ò tíì pè rí. Bàbá kọ ọ́ nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, torí pé ìwé ń béèrè orúkọ márùn-ún, kí ẹnì kan lè wà tó máa dípò ẹni tí kò bá sí, mẹ́rin péré la sì jẹ́."

"Orúkọ ta ni?"

"Ó kọ ọ́ pé 'Ìyàwó Sájẹ́ńtì'."

Ìyá Aránṣọ fa aṣọ tó ń rán yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó rọra ká a. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń jà tí wọ́n fi ń lù wọ́n.

Orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni Sájẹ́ńtì ti máa ń kọ́ gbogbo wọn. Ogun tí àwọn èèyàn jà lóòótọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn níbẹ̀, ló fi ń kọ́ wọn ní géèmù. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya odò, á fi bọ́tìnnì funfun ṣe ọmọ ogun tirẹ̀, dúdú ni ọ̀tá. Ẹ̀wù oníbàárà kan ti jáde rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́rin dípò márùn-ún, nítorí pé jagunjagun kan ṣubú sábẹ́ tábìlì tí wọn kò tètè rí òkú rẹ̀ gbé. Ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ wá to bọ́tìnnì sí báyìí.

"Àárín á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rò pé à ń sá. Bí wọ́n bá ti kó wọ̀ ọ́ tán, ọ̀tún àti òsì á pa dé mọ́ wọn."

"Hánníbálì nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bó ṣe gbé àwọn ọmọ ogun Róòmù mì láyé àtijọ́. Ta lẹ fẹ́ bá jà?"

"Ẹgbẹ́ Kò-dúró."

Kò-dúró ni awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan tí wọ́n fún lórúkọ yẹn nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ohunkóhun. Lọ́dọ̀ Sájẹ́ńtì ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

"Kò-dúró tó jókòó sórí àpótí tí o jókòó sí yẹn? Tí mo lẹ èjìká ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ ń fi bọ́tìnnì kan náà kọ́ ọ ní ogun kan náà?" Ó fi ọwọ́ gbá gbogbo bọ́tìnnì náà jọ. "Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ̀ ń ṣe ohun tí bàbá yín ṣe. Bàbá yín kì í ṣe ohun tó ṣe lánàá."

"Kí wá ni ká ṣe?"

Ìyá Aránṣọ nawọ́ mú agolo méjì tó ń kó òwú sí. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé èkejì sísàlẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun kan há sí etíkun ilẹ̀ àwọn Tọ́kì. Wọ́n fẹ́ yọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ìbọn wọn bá dákẹ́, ọ̀tá á mọ̀, á sì lé wọn bá létí omi. Wọ́n wá dá ihò sí ìdí agolo kan, wọ́n pọn omi sí i, kó máa kán sínú agolo kejì tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìbọn. Bí agolo ìsàlẹ̀ bá ti kún, á wúwo, á fa okùn, ìbọn á dún. Ọ̀tá ń gbọ́ ìbọn, kò mọ̀ pé kò sí ènìyàn mọ́ nínú yàrà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ." Ó gbé agolo náà kalẹ̀. "Akin tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsá, ni í bógun lọ. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ yọ́ jáde. Èmi ni màá ṣe agolo."

Ọmọ rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. "Màmá, níbo lẹ ti gbọ́ gbogbo èyí?"

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gbọ́ ọ. Ṣé o rò pé máṣíìnì ló ń dí mi létí ni?"

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ nílé géèmù lọ́sọ̀ọ̀sán, wọ́n fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń rìn hàn án, àti èyí tí wọ́n fi ń yìnbọn. Ẹni tirẹ̀ nínú gíláàsì kọlu ògiri, ó kó sómi, ó kọjú sókè ọ̀run bí ẹni ń wòṣùpá. Kò lè fojú sun ohunkóhun kó bà á.

"Màmá, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pa ènìyàn," ni Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin onísùúrù kan, sọ fún un. "Ariwo la fẹ́."

"Ariwo?" ni Bíríkìlà wí. "Ẹ kàn rò ó pé oníbàárà kan ní aṣọ òun kò bá òun mu."

Ọ̀sán Sátidé pé. Ilé kún. Pákó kan ló pín ẹgbẹ́ méjèèjì níyà nínú yàrá náà, wọn kò rí gíláàsì ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbóhùn sókè, òdìkejì á gbọ́. Kò-dúró wá kí Ìyá Aránṣọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin náà fẹ́ bá wa jagun?"

"Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán, ọmọ mi."

"Ẹ má bínú sí mi o. Mi ò lè ṣàánú."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Ogun náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrà tirẹ̀, àsíá tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn yàrà. Pápá gbalaja ló wà láàárín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan àsíá ọ̀tá ló borí, ẹni tó bá sì kú kì í padà wọlé títí ìjà á fi parí. Ojú odò gbígbẹ kan wà tó yí pápá náà ká dé ẹ̀yìn àwọn Kò-dúró, ṣùgbọ́n àyà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọ́ níbẹ̀ kí wọ́n má bàa rí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, Ìyá Aránṣọ nìkan ni yóò wà nínú yàrà pẹ̀lú ìbọn mẹ́rin. Bí Kò-dúró bá mọ̀, ìṣẹ́jú kan péré tó o láti sáré wá pa á, kó fọwọ́ kan àsíá, kí gbogbo rẹ̀ sì parí.

Aago bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yọ́ wọ ojú odò. "A ti lọ, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ sọ sí i létí.

Ó yin ìbọn kìíní. Ó sáré dé ìdí ìkejì, ó yìn ín. Ìkẹta. Ìkẹrin. Ó padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé máṣíìnì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé ẹsẹ̀. Ó ń dára lójú ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó pé méjì, ó lé. Ní òdìkejì pápá wọ́n ń yìnbọn padà, wọn kò sún mọ́ ọn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé irú ogun yìí kò le tó bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sọ ọ́, àfi bí ohùn Kò-dúró ṣe gba orí pákó kọjá.

"Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ ìbọn yẹn."

Ìyá Aránṣọ yin ìkejì. Ó yin ìkẹta.

"Ó dọ́gba jù. Àlàfo ibẹ̀ kò yàtọ̀ síra wọn. Ẹni mẹ́rin kọ́ nìyẹn o, ẹnì kan ló ń sáré kiri nínú yàrà. Ìwọ, lọ wò ó."

Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ló tú u fó. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ojú òwú kan má gùn ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yin ìbọn, gún régé, bí ìṣẹ́tí aṣọ. Lórí gíláàsì, ọkùnrin kan ti dìde láti inú yàrà òdìkejì, ó tẹ orí ba, ó ń bọ̀.

"Màmá, kí ló dé?" ni ọmọ rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má dúró o."

Ó dúró. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sí itan. Ẹni tó ń bọ̀ yẹn ti ré ìlàjì pápá kọjá. Ó ti ń rí fìlà irin orí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí Sájẹ́ńtì kì í fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kankan tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn: yàrà tó ń pariwo, o mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù, èyí tó bá dákẹ́ ni kí ìwọ bẹ̀rù, ibùba ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sí tábìlì yẹn ló kọ́ ọ sórí. Kò-dúró jókòó síbẹ̀ fún ọdún méjì.

Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn.

"Dúró!" ni Kò-dúró kígbe. "Dúró síbẹ̀! Má lọ mọ́!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Kò-dúró ló ní kí wọ́n dúró!"

"Ẹ pa ẹnu mọ́! Sájẹ́ńtì ló kọ́ wọn. Wọ́n ń dẹ wá ni. Padà wálé."

Fìlà irin náà yí padà. Ìyá Aránṣọ mí. Ó mọ̀ pé kò lè dákẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò lè yìnbọn bí aránṣọ mọ́. Báwo ni àwọn ọmọ ogun tó ti rẹ̀ ṣe ń yìnbọn? Kò tíì rí ojú ogun rí. Ohun tó mọ̀ ni bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ lóru ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí òun dùbúlẹ̀ tì í, tó ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà méjì léra wọn. Lẹ́yìn náà kò sí rárá, títí òun á fi dìde jókòó kí òun fọwọ́ kan àyà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà kékeré kan, bí ẹni ń tọrọ gáfárà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yìn ín. Kò wo aago. Kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ ikọ́ náà nínú ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e láti ìbọn dé ìbọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí okùn ìwọnṣọ tó gbàgbé sí ọrùn.

"Ìṣẹ́jú méjì, Màmá."

Ní òdìkejì pákó, àga ń dún. Kò-dúró kò lè jókòó jẹ́ẹ́. "Kí ni wọ́n ń retí? Kí ló dé tí wọn ò wá? Mi ò lè ṣe èyí mọ́. Gbogbo wa! Ẹ dìde, gbogbo wa!"

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Aránṣọ yin èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọta náà lọ bá ojú ọ̀run. Wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n ń tóbi sí i. Kò sá. Ibi tó máa sá gbà tilẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Gíláàsì náà pọ́n, ẹni tirẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan sì jáde tó fi ìka tẹ̀ lé kó tó lè kà á tán: *Ìyàwó Sájẹ́ńtì ti ṣubú.*

"Kò sẹ́nì kankan níbí!" ni igbe Kò-dúró. "Àsíá! Ẹ bọ́ sídìí àsíá!"

Ìyá Aránṣọ di etí àga mú. Ó ń wo ẹsẹ̀ wọn tó ń fo yàrà rẹ̀ kọjá, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, lórí ara òkú tirẹ̀. Ọwọ́ kan nà sí àsíá.

Gíláàsì gbogbo ilé dúró gbọn-in. Láti inú agbọ́hùn, ọmọ rẹ̀ pariwo bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún: "Mo ti kàn án! Màmá, mo ti kàn án!"

Ẹ̀rọ ohùn méjì tó wà lórí ògiri ta pọ́ún. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan ha ọ̀fun nínú rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ṣé ó ti ń gbà á? Iná pupa yìí ńkọ́? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ ogun mi, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni pé..."

Láti ẹ̀yìn ohùn náà, láti inú ògiri, ni nǹkan ti dún. Kó, kó, kó.

"Háà. Ìyàwó mi ń pè mí. Ẹ̀yin, ẹ máa lọ sílé yín. Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀!"

Ohùn náà gé síbẹ̀.

Kò-dúró ti yọ láti ẹ̀yìn pákó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà. Ọmọ Ìyá Aránṣọ wo fóònù tó ti gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ láti fi gba ohùn náà sílẹ̀. Òun tó ń tún fóònù gbogbo àdúgbò ṣe, kò rántí tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Kò-dúró sọ fún onílé géèmù, "ṣé ẹ ò lè tún un gbé sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni fún ìṣẹ́gun kan. Kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin ẹ̀."

Ìyá Aránṣọ fi etí okùn ìwọnṣọ nu ojú. Ó gbé agbọ́hùn ọkọ rẹ̀ padà sórí, ó tún àga sún mọ́ tábìlì.

"Ìgbà wo," ló béèrè, "la tún máa jà?"